Abọ́ Ẹgbẹ́ Àjọjẹ

Bí ẹ bá rí obìnrin arúgbó kan tó jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé gíga kan ní Peckham, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹṣin tó sáré dé láti Mọ́kà, ẹ má pe ọkọ̀ aláìsàn o. Èmi ni. Mo kàn ń sinmi lágbedeméjì ni. Ìdí mi ti fẹ̀ ju bó ṣe rí lọ nígbà tí mo kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn náà, orúnkún mi sì ti di ilẹ̀kùn tí kò rí epo: bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, á ké. Pákó àtẹ̀gùn náà á sì ké. Ẹni tó bá ń gbọ́ wa láti ìta á rò pé èmi àti ilé ń jà ni.

Rùkáyàt lorúkọ mi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́. Àwọn ọmọdé ń pè mí ní Mummy, àwọn àgbà Ẹgbẹ́ sì ń pè mí ní Ìyàwó. Ìyàwó! Èmi tí eyín mi ń sùn nínú kọ́ọ̀pù, tí ọmọ-ọmọ mi ti ń wa mọ́tò. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ọkọ mi ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe ń pè mí láti ọjọ́ tí Habeebullah ọkọ mi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ti mú mi wọ ilé yìí pẹ̀lú àpótí kan àti kóòtù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí òtútù ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni gba ọjà.

Ilé Ẹgbẹ́ Àjọjẹ ni. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nílé ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti dá Ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, Mùsùlùmí àti Aládùúrà pọ̀, wọ́n sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ẹni tó bá ní á bọ́ ẹni tí kò ní. Nígbà tí díẹ̀ nínú wọn wá kàwé sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n dá ẹ̀ka sílẹ̀ níbí. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ onílé kì í gba aláwọ̀ dúdú. Wọ́n á kàn rọra ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ lójú bí ẹni pé ẹja tó ti rà lo gbé wá tà. Ni àwọn ọmọkùnrin yẹn bá da owó iṣẹ́ alẹ́ àti owó fífọ abọ́ pọ̀, wọ́n ra ilé kan tí òyìnbó fúnra rẹ̀ ti sá fún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rí iṣu àti gàrí tó tò bẹẹrẹ ní Rye Lane lónìí, ẹ kò mọ ohun tójú wọn rí. Kò sí gàrí nígbà yẹn. Ìrẹsì lílọ̀, tí àwọn òyìnbó fi ń se oúnjẹ dídùn fún ọmọ wọn, ni wọ́n ń ro bí ẹ̀bà. Wọ́n á da gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ tánganran ńlá kan, wọ́n á yí i ká, gbogbo ọwọ́ á wọnú rẹ̀. Inú abọ́ yẹn náà ni òfin Ẹgbẹ́ ti jáde. Bí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀, alága á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí wọ́n ti ń jẹun lọ́wọ́. Ẹni tó bá gbà á máa jẹun lọ. Ẹni tí kò bá gbà á yọ ọwọ́, á fọ̀ ọ́. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń pa ọ̀rọ̀, ó di ìjókòó mìíràn. Bí abọ́ bá sì mọ́ tónítóní tí ọwọ́ kankan kò jáde, ó ti dòfin. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi ẹni tó yọ ọwọ́ pé kí ló dé. Habeebullah máa ń sọ pé ebi ló mú wọn gbọ́n: ẹni tí ebi ń pa kì í yọ ọwọ́ nítorí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan.

Èmi àti Habeebullah ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú ilé. Èmi ń sè, àwọn ń jẹ, àwọn ń ṣòfin. Ìgbà tí ọkọ mi kú ni wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín nínú abọ́, pé kí n wá fi tèmi sí i. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹran tó tóbi jù ni mo mú. Wọ́n wò mí títí. Mo ní, "Ẹ má bínú, Habeebullah ló ní kí n mú un."

Ẹ̀rín ti tán níbẹ̀ báyìí o. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í wá gbé ilé wa mọ́, yunifásítì ń fún wọn ní yàrá tó ní ilé ìwẹ̀ nínú. Àwọn tó ń wá kò ju àwọn tó fẹ́ kí wa kú òfò lọ. Òrùlé ń jò. Ìkòkò ọbẹ̀ mi tó dára jù lọ ló ń gba omi òjò lókè. Ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná ń wúkọ́ bí arúgbó tí ikọ́ fée ń bá jà. Ọkùnrin kan wá láti kánsù, ó fi bírò kan ògiri ìta, bírò wọlé, kò sì jáde mọ́. Ó wo ògiri, ó wò mí, ó ní ṣé inú ibí ni mò ń gbé lóòótọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àti pé kí ó má kan èmi náà o, ọwọ́ rẹ̀ lè wọlé.

Látífàt ọmọ mi ti tọ́jú yàrá ìsàlẹ̀ kan dè mí nílé rẹ̀ ní East Dulwich. Yàrá ìsàlẹ̀, ilé ìwẹ̀ ìsàlẹ̀. Mo máa ń ronú nípa ilé ìwẹ̀ yẹn bí ọmọge ṣe ń ronú nípa ọkọ. Ṣùgbọ́n olùtọ́jú kò gbọdọ̀ fi ilé sílẹ̀ àyàfi bí abọ́ bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi àti ọkọ mi la jùmọ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ yẹn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì ti dá a lábàá pé kí a ta ilé, kí a fi owó rẹ̀ ran àwọn ọmọ tó ń kàwé lọ́wọ́, Alhaji Ṣàmsúdéènì, ọ̀rẹ́ ọkọ mi tímọ́tímọ́, á rọra lá àtàńpàkò rẹ̀, á yọ ọwọ́. Á fọ̀ ọ́, á nù ún, á máa wo fèrèsé. Lọ́dọọdún. Mo ti fi inú bú u títí inú fi rẹ̀ mí.

Ọ̀sán Sátidé kan lẹ́yìn Ìléyá la tún pé jọ. Mò ń rokà ìrẹsì lọ́wọ́, òógùn ń kán sí mi lọ́yàn, ni Ọbanijésù wọlé wá bá mi ní kíṣínì. Òun ni alága, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn tó ra ilé. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń ṣe láàárín ìlú, bàtà rẹ̀ sì máa ń dán ju ojú ọkọ ìyàwó lọ.

Ó ní, "Mummy, àwọn tó fẹ́ ra ilé ní àwọn ò dúró mọ́. Tí ó bá ti di Mọ́ńdè tí a ò fún wọn lésì, they're gone. Bí ògiri yẹn ṣe wà, a ò ní rí ẹlòmíràn."

Mo ní, "Alhaji ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ dùn gan-an ni, Mummy. Ó lè má rántí yọ ọwọ́."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì dárí ji ara mi nítorí ẹ̀rín yẹn.

A jókòó. Ọwọ́ mẹ́rin ló kù: tèmi, ti Ọbanijésù, ti Alhaji, àti ti Bàbá Irewọlé, àgbà wólìí nínú ìjọ aláṣọ funfun, ẹni tó fẹ́ràn òfin Ẹgbẹ́ ju Òfin Mẹ́wàá lọ. Àìṣát, ọmọ Alhaji tó mú un wá, kì í ṣe ọmọ Ẹgbẹ́, nítorí náà ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Alhaji ti rù. Agbádá rẹ̀ ń wọ̀ ọ́ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí ọ̀pá. Ṣùgbọ́n ó ṣe Bísímílà, ó sì kó òkèlè bí ọ̀dọ́mọkùnrin.

Ọbanijésù húkọ́ díẹ̀. "Ọ̀rọ̀ tó wà nínú abọ́ ni pé kí Ẹgbẹ́ ta ilé yìí, kí a sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ olùtọ́jú rẹ̀."

Gbogbo wa ń wo ọwọ́ Alhaji. Ọwọ́ náà lọ sẹ́nu, ó padà, ó bọ ọbẹ̀, ó tún lọ sẹ́nu. Bàbá Irewọlé gbé ojú sókè. Ọbanijésù bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkèlè gbàǹgbà, kí abọ́ lè tètè mọ́. Èmi náà ń kó o. Kí n má purọ́, ọkàn mi ti wọ ilé ìwẹ̀ East Dulwich, mo ti tú aṣọ, mo ti ń da omi sára.

Ni Alhaji bá kọjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Àsúmáù, ọbẹ̀ yìí dùn o. Ṣé àwọn ọmọ ti jẹun?"

Àsúmáù ni ìyàwó rẹ̀. Èmi ni mo ran àwọn obìnrin lọ́wọ́ tí a fi wẹ̀ ẹ́ nígbà tó kú.

Mo wo Àìṣát. Ó gbé ojú sí ilẹ̀. Mo wo abọ́: ó ku bí òkèlè kan. Ọbanijésù ti na ọwọ́ sí i. Mo sọ fún ara mi pé, Rùkáyàt, di ojú rẹ, ó ti rẹ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́. Ọwọ́ mi kò gbọ́. Mo yọ ọ́ jáde. Mo fọ̀ ọ́.

"Ìyàwó!" Òkèlè fẹ́rẹ̀ẹ́ há Bàbá Irewọlé lọ́fun. "Ìwọ! Ṣé orí ẹ pé báyìí?"

Ọbanijésù ní, "Mummy, nítorí yín la ṣe ń ṣe é! Ẹ̀yin tí ẹ ń sunkún orúnkún!"

Mo ní, "Ọkùnrin yìí kò mọ ohun tí ó ń jẹ. Ó rò pé ilé ìyàwó rẹ̀ ni òun wà."

Bàbá Irewọlé ní, "Ọwọ́ ni òfin sọ. Òfin ò sọ̀rọ̀ ọpọlọ. Bó bá jẹ́ ti ọpọlọ ni, ọkọ ẹ ì bá má jẹ nínú abọ́ rí."

"Ẹ má kan ọkọ mi o, Bàbá Wólìí! Ẹ̀yin tí ẹ sun ìkòkò mẹ́ta jóná nílé yìí torí pé ẹ̀mí gbé yín!"

Ariwo sọ. Alhaji nìkan ni kò bá wa pariwo. Ó mú òkèlè tó kù, ó jẹ ẹ́, ó ní kí wọ́n bu omi fún òun.

Àìṣát ló wá sún mọ́ mi nígbà tí a ń kó abọ́. Ó ní, "Mummy, ẹ ṣé. Láàárọ̀ ni orí wọn máa ń wálẹ̀. Tí wọ́n bá ti sun oorun dáadáa, ojú wọn á mọ́ kedere. Tó bá ti di ọ̀sán, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ wá bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́la, please."

Mo ti rò pé mo máa rí oorun sùn láàárọ̀ Sọ́ńdè. Dípò bẹ́ẹ̀, mo wé gèlè, mo fa ara mi kọjá pápá Peckham Rye lọ sílé tí Alhaji àti Àìṣát ń gbé, mò ń sinmi lórí bẹ́ǹṣì kan dé ìkejì. Àwọn tó ń fi eré ṣe ìdárayá ń kọjá lára mi fìrì fìrì. Ajá kan dúró, ó wò mí tìfẹ́tìfẹ́ bí ẹni tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Mo bá Alhaji lórí àga pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó wò mí, ó ní, "Ìyàwó Habeebullah. Kí ló lé ọ jáde láàárọ̀ báyìí? Ilé jó ni?"

Inú mi dùn. Mo kúnlẹ̀ kí i, mi ò lè dìde mọ́, àfi kí Àìṣát wá fà mí sókè bí àpò ìrẹsì. Mo wá sọ fún un pé abọ́ ti jókòó lánàá, pé ó jẹun lórí ọ̀rọ̀ títa ilé.

"Mo jẹun?"

"Ẹ jẹun, Alhaji. Ẹ tún ní kí wọ́n fún yín lómi."

Ó ka tẹ̀sùbáà díẹ̀. Ó ní, "Kí ló wá dé tí wọn ò tà á?"

"Mo yọ ọwọ́. Ẹ ń pè mí ní Àsúmáù. Mo ní bí ẹ bá máa gbà, kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ gbà."

Ó ní, "O mọ̀ pé òfin ò jẹ́ kí wọ́n bi mí ní ìdí. Ṣùgbọ́n kò ní kí n má sọ ọ́. Nígbà tí àìsàn dá Habeebullah dùbúlẹ̀, ó ní, 'Ṣàmsú, má jẹ́ kí wọ́n lé ìyàwó mi síta.' Mo ṣèlérí. Ìdí tí mo fi ń yọ ọwọ́ nìyẹn. Mo rò pé o ò níbi tí o máa lọ. Mo rò pé o fẹ́ràn ibẹ̀."

Mo fi igbe bọnu. "Alhaji! Ta ló fẹ́ràn ibẹ̀? Mo kórìíra àtẹ̀gùn yẹn ju Ṣàyìtánì lọ! Látífàt ti ní yàrá fún mi láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì ń rákò! Ẹ̀yin lẹ ń dá mi dúró láti ìgbà yìí, tí orúnkún mi ń gbó, nítorí àánú?"

"O ò sọ nǹkan kan."

"Ta ni kí n sọ fún? Mò ń jẹun! Mò ń jẹun lọ ràì, kí ẹ lè rí i pé mo gbà!"

"Mo rò pé ebi ló ń pa ọ́ ni. O máa ń jẹun púpọ̀."

Ẹ̀rín pa Àìṣát débi tó fi lọ gbá orí mọ́ ilẹ̀kùn. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi ń já lójú mi, mi ò sì mọ ibi tí ẹ̀rín ti parí tí ẹkún bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Alhaji nu ojú tirẹ̀ náà. Ó ní, "Ó dáa. Kí wọ́n tà á. Pe ọmọ yẹn."

Àìṣát pe Ọbanijésù. Ọbanijésù fi ayọ̀ pariwo, ó sì fi fóònù so Bàbá Irewọlé mọ́ wa láti ṣọ́ọ̀ṣì, a ń gbọ́ orin àti agogo lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá ní òun ò gbà.

"Fóònù kì í jẹun," ni ó wí. "Abọ́ kan, gbogbo ọwọ́."

Mo ní, "Bàbá Wólìí, Mọ́ńdè ni lọ́la. Orí Alhaji á sì ti lọ tó bá di ọ̀sán!"

"Ẹ gbé abọ́ kalẹ̀ nígbà náà. Mò ń bọ̀."

Àìṣát tú kíṣínì rẹ̀ wò. Kò sí ìrẹsì lílọ̀, kò sí gàrí, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó látàárọ̀ dalẹ́ kì í ro nǹkan kan. Ọ́ọ̀tì tí àwọn òyìnbó ń jẹ láàárọ̀ ló wà. Ó sè é, ó dà á sínú abọ́ tí wọ́n fi ń po sàláàdì. Kò tíì tutù tí Ọbanijésù fi dé pẹ̀lú Bàbá Irewọlé, Bàbá wà nínú sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán, ó ń fò bí ẹyẹ lórí òkúta wẹ́wẹ́ tó wà níwájú ilé.

Gbogbo ìgbà yẹn, Alhaji ni mò ń ṣọ́. Mò ń bi í ní ìbéèrè kí orí rẹ̀ má baà sá: ta ló sùn lórí ilẹ̀ kíṣínì nígbà òtútù ńlá? Ta ló kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí? Ó ń dáhùn, ó ń dárúkọ àwọn ọmọkùnrin tó ti wà nínú ilẹ̀ tipẹ́, ó ń sọ ẹni tó ń hanrun àti ẹni tó ń ka ìwé sókè nínú báàfù. Lẹ́ẹ̀kan ó dúró láàárín orúkọ kan, ojú rẹ̀ lọ jìnnà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó padà.

A jókòó yí abọ́ ọ́ọ̀tì ká. Kò sẹ́ni tó fi ọwọ́ jẹ ọ́ọ̀tì rí láyé yìí, mo mọ̀. Ó gbóná, ó ń yọ̀ láàárín ìka, ó ń kán sí apá sùtánà Bàbá. Ọbanijésù fi ìka méjì kan án bí ẹni tó fẹ́ wo ibà ọmọ. Mo ní, "Ki gbogbo ọwọ́ bọ̀ ọ́ jàre, alága!"

Ó sọ ọ̀rọ̀ náà. Títa ilé. Gbígba kọ́kọ́rọ́.

Alhaji ní, "Ìyàwó, ṣé wọn ò lé ọ?"

"Wọn ò lé mi, Alhaji. Ó rẹ̀ mí ni."

"Ó rẹ èmi náà," ni ó wí, ó sì jẹun. Ó jẹun jẹ́jẹ́, ó ń lá ìka, kò yọ ọwọ́. Èmi náà jẹ, kò níyọ̀, kò ládùn. Bàbá Irewọlé ló fi ìka nu ìsàlẹ̀ abọ́ mọ́, ó gùnfẹ̀, ó ní, "Ó ti dòfin." Kò gbé ohùn rẹ̀ sókè bí ó ṣe máa ń ṣe. Ọbanijésù ti ń wá aṣọ ìnuwọ́ kiri kí ó lè tẹ fóònù.

Mo rò pé mo máa jó. Mo rò pé mo máa kígbe débi tí gbogbo àdúgbò á fi jáde. Mo kàn jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ru ẹrù dé ọjà tó bá a pé ọjà ti tú, ọ́ọ̀tì ń gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìgbà tí Ọbanijésù àti Bàbá ti lọ, tí Àìṣát ń fọ abọ́, Alhaji fi ọwọ́ kàn mí léjìká.

"Àsúmáù. Ta ló wà nílé báyìí?"

"Kò sẹ́ni kankan níbẹ̀, Alhaji."

"Gbogbo wọn ti lọ síléèwé?"

"Gbogbo wọn ti lọ."

"Ó dáa," ó ní. "Ìwọ náà na ẹsẹ̀ rẹ."

Mo na ẹsẹ̀ mi sórí àpótí kékeré tó wà níwájú rẹ̀. Mi ò dìde níbẹ̀ títí Látífàt fi wá fi mọ́tò gbé mi.